Akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nídìí tábìlì: ìtàn ẹ̀jẹ̀ SS fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí nípa PhD

Thread tòní máa gùn, ẹ wá ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìtàn ni, àmọ́ DM kan ló fà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ̀wé sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Cell biology ni mo kà. Gbogbo ilé ní kí n lọ kọ́ tech. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ṣe masters tàbí PhD nínú molecular biology, kí ló ń ṣe gan-an? Àbí ìgò ni wọ́n ń fọ̀ fún ọ̀gá wọn ní láàbù títí ọdún márùn-ún á fi pé?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti fọ ìgò rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ibi yòówù kéèyàn ti ṣí ìtàn ẹ̀, ó máa bá akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀. Àìsàn yẹn ò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Fòníkú-fọ̀ladìde. Sickle cell. SS.

Nàìjíríà ló ní àwọn tó ń ṣe é jù láyé. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló jẹ́ AS, èmi náà wà níbẹ̀. Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, mo bá ọ̀rẹ́ kan gbé yàrá tó jẹ́ SS. Mo ti gbé e lórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní aago méjì òru, tó di ẹ̀yìn mi mú, tí kò lè sọ̀rọ̀ torí egungun tó ń ro ó. Tó bá wá di ọjọ́ kejì, á ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa bi mí pé kí ni a fẹ́ jẹ. Ẹni tó sọ àìsàn yẹn ní fòníkú-fọ̀ladìde, ó fi ojú ara ẹ̀ rí i ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ní 1904, ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún kan wọ ọkọ̀ ojú omi láti Grenada, erékùṣù kékeré kan ní Caribbean, ó ń lọ sí Chicago láti kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Walter Clement Noel lorúkọ ẹ̀. Ọkọ̀ ẹrú ló kó àwọn èèyàn dúdú láti Áfíríkà dé erékùṣù wọn láyé àtijọ́, wọ́n sì gbé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn dání lọ. Kí ọdún yẹn tó parí, Noel ti wà ní ọsibítù.

Dókítà tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, Ernest Irons, ló fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, tó wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń rí roboto ni. Ti Noel gùn, ó tẹ̀, ó mú ṣóńṣó, bíi dòjé. Irons fi han ọ̀gá ẹ̀, James Herrick. Ní 1910 Herrick kọ ọ́ jáde, orúkọ òun nìkan ló sì wà lórí ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. (Ẹ̀yin tí ọ̀gá yín ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí, ẹ pẹ̀lẹ́ o.) Noel ní tiẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ẹ̀, ó padà sílé lọ máa tọ́jú eyín àwọn aráàlú ẹ̀, ó sì kú ní 1916. Kò pé ọdún márùndínlógójì.

Wọ́n ní 1910 ni wọ́n "ṣàwárí" àìsàn yìí. Ẹ dákun. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ghana, Felix Konotey-Ahulu, tí í ṣe dókítà, tọ àìsàn yìí lẹ́yìn nínú ìdílé tiẹ̀ padà sẹ́yìn dé 1670. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ti sin ọmọ nítorí ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ni ohun tó ń tẹ sẹ́ẹ̀lì yẹn bíi dòjé.

Ibẹ̀ ni ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù lónìí ti wọlé.

Harvey Itano. Sacramento, ní California, ni wọ́n bí i sí ní 1920, Japan sì ni àwọn òbí ẹ̀ ti wá. Ní 1942 ó ṣe tán ní University of California, Berkeley. Òun ló gba University Medal, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mókè jù nínú gbogbo àwọn tó ń jáde lọ́dún yẹn.

Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀.

Japan ti ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní December 1941. Ìjọba Amẹ́ríkà wá kó àwọn tó lé ní 100,000 tí ìran wọn wá láti Japan, tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí, wọ́n kó wọn sínú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Ìdílé Itano wà nínú wọn. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ààrẹ yunifásítì sọ fún àwọn èèyàn pé Itano ò lè wà níbẹ̀ torí orílẹ̀-èdè ẹ̀ ti pè é lọ sí ibòmíì.

Ẹ tún ìyẹn kà. Pè é lọ, kẹ̀.

Àwọn kan jà fún un, kí ọdún yẹn tó parí ó ti jáde ní àgọ́ Tule Lake, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Saint Louis University. Ó gba oyè dókítà ní 1945. Ó lè máa wo aláìsàn kó máa gbowó ẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ ìdí nǹkan ló wù ú láti mọ̀. Ní 1946 ó gba Caltech lọ láti ṣe PhD lọ́dọ̀ Linus Pauling.

Pauling kì í ṣe dókítà. Kẹ́místírì ni tiẹ̀. Ní 1945 ni dókítà kan, William Castle, sọ fún un pé sẹ́ẹ̀lì àwọn onísickle cell máa ń tẹ̀ tí atẹ́gùn oxygen bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, tí oxygen bá sì padà dé á tún nà. Lójú ẹsẹ̀ ni Pauling ro ó pé: haemoglobin ló ń gbé oxygen nínú ẹ̀jẹ̀, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe haemoglobin fúnra ẹ̀ ló ní àbùkù. Bóyá sẹ́ẹ̀lì ò ṣe nǹkan kan. Bóyá ohun tó wà nínú ẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́.

Èrò lásán nìyẹn. Ọ̀gá ní èrò, ó sì ń wá ọmọ tó máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ dán an wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ "opportunity pls" sí abẹ́ gbogbo post mi, bí opportunity ṣe máa ń rí nìyẹn: ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn, àti tábìlì láàbù tí ẹnì kan gbà ẹ́ láyè láti jókòó sí.

Itano gba ìbéèrè náà. Ó fi haemoglobin tó dáa àti ti onísickle cell wéra lónírúurú ọ̀nà. Bákan náà ni wọ́n rí. Ó tún dán òmíràn wò. Bákan náà. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń rí "kò sí ìyàtọ̀". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe project rí, ẹ mọ oṣù wọ̀nyẹn. Wọn kì í kọ wọ́n sínú ìtàn, àmọ́ inú wọn ni PhD wà.

Jonathan Singer wá dé, ó ti gba PhD tiẹ̀. Òun àti Itano, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ń jẹ́ Ibert Wells, wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sídìí ẹ̀rọ Tiselius. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Wọ́n á pò pròtíìnì mọ́ omi, wọ́n á wá ta iná mànàmáná sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Pròtíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èyí tó ní charge pósítíìfù á máa sá lọ sí apá kan, onínẹ́gátíìfù á gba apá kejì. Tí pròtíìnì méjì bá jọra tán lóòótọ́, wọ́n á jọ rìn ni, ẹsẹ̀ kan náà.

Wọn ò jọ rìn.

Haemoglobin onísickle cell gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, charge pósítíìfù ara ẹ̀ fi díẹ̀ ju ti èyí tó dáa lọ. Ti àwọn tí àìsàn ò ṣe, àmọ́ tí òbí wọn kan fi jíìnì ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, pín sí méjì: apá kan bá èyí tó dáa lọ, apá kejì bá ti onísickle cell lọ. Ìyẹn AS. Èmi nìyẹn. Lẹ́tà méjì tí pásítọ̀ máa ń béèrè kó tó gbà láti so yín pọ̀, ibi tí ojú kọ́kọ́ ti rí wọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìyẹn.

Ní November 1949 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú jọ́nà Science. Orúkọ mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀: Pauling, Itano, Singer, Wells. Wọ́n pe àkọlé ẹ̀ ní "Sickle Cell Anemia, a Molecular Disease". Títí di ọjọ́ yẹn, kò sí àìsàn kankan tí wọ́n ti lè nawọ́ sí mólékù kan ṣoṣo pé ìwọ lo fà á. Ní 1950 Itano gba PhD ẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí kan díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní 300 level, a ṣe practical kan. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n kán an sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sínú táǹkì, wọ́n tan iná. A máa dúró kí ìlà ẹ̀jẹ̀ kálukú rìn, ká lè mọ jẹ́nótáìpù wa. Iná lọ láàárín ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ò ní epo. A tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì, iná tún lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó rí ìlà méjì mi, A àti S, wọ́n tò síbẹ̀ bí ìbejì tó ń bára wọn jà. Mo ya fọ́tò ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn pé ohun tí a ń ṣe yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jáde láti àgọ́ ìsémọ́lé ló bá wa là á lójú. "Electrophoresis, 10 marks" ni wọ́n kọ sínú ìwé wa. Ó dùn mí títí dòní.

Ó dáa, ká padà.

Itano mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Ibo ni ìyàtọ̀ náà wà gan-an? Ẹni tó rí ìyẹn ni Vernon Ingram ní Cambridge. Òun náà ti sá ogun: Breslau ni wọ́n bí i sí, nígbà tí àwọn Nazi gbàjọba ìdílé ẹ̀ sá lọ sí England, ó ṣì kéré. Haemoglobin tó lò, ọ̀dọ̀ Anthony Allison ló ti wá. Allison dàgbà ní Kenya. Kò tíì parí ẹ̀kọ́ dókítà ẹ̀ ní Oxford nígbà tó bá wọn rìnrìn àjò padà sí Kenya ní 1949, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn, tó sì rí i pé ibi tí ibà pọ̀ sí ni AS pọ̀ sí. Ní 1954 ó kọ ọ́ jáde pé AS máa ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà tó ń pani. Ìdí nìyẹn tí S ò fi tán nílẹ̀ wa. Ẹ̀fọn ló ń bá a tọ́jú ẹ̀.

Ingram gé haemoglobin náà wẹ́wẹ́, ó tẹ́ àwọn ègé ẹ̀ sórí bébà, ó fi ti A àti ti S wéra. Gbogbo àmì tó tò sórí bébà bára mu àfi ẹyọ kan. Ní 1957 ó sọ ohun tó wà níbẹ̀: amino acid kan ṣoṣo. Glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀, valine ló jókòó. Amino acid 146 ló wà nínú ẹ̀ka haemoglobin yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì jókòó, òun ló ń gbé èèyàn dé ọsibítù ní aago méjì òru.

Ní báyìí ẹ máa bi mí pé: àwa ńkọ́? Ṣebí ọ̀dọ̀ wa lẹ̀jẹ̀ wà.

Ìbéèrè tó dáa ni. Ní 1948, ọdún kan ṣáájú àpilẹ̀kọ Itano, ni University College Ibadan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, London ló sì ń fún wọn ní dìgírì. Ọdún 1957 tí Ingram ń tẹ̀wé jáde ni UCH ṣílẹ̀kùn. Ìgbà tí àwọn yẹn ń bi mólékù léèrè ọ̀rọ̀, àwa ń ra bẹ́ẹ̀dì.

Àmọ́ kò pẹ́ púpọ̀. Ní 1964 ará Ítálì kan, Lucio Luzzatto, dé Ìbàdàn, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Òun, Usanga àti Reddy wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní G6PD tí kò pé. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ má fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọ́n wá àwọn obìnrin tí sẹ́ẹ̀lì wọn jẹ́ oríṣi méjì nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà: àwọn kan ní G6PD, àwọn kan ò ní in. Ara kan náà, oúnjẹ kan náà, ẹ̀fọn kan náà. Wọ́n wá ka kòkòrò ibà inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó pé ni kòkòrò pọ̀ sí. Ó jáde nínú Science ní 1969, ó sì ní Ìbàdàn lórí ẹ̀. Jọ́nà kan náà tí Itano ti kọ̀wé, ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀.

Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú iṣẹ́ yìí ò lè ṣeé ṣe níbí. Ó ti ṣeé ṣe rí, ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sáré díẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé ọmọ SS kì í ṣàìsàn lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, torí haemoglobin ìgbà oyún ṣì wà lára ẹ̀. Ara ló máa ń pa á bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ta ló ń tẹ bọ́tìnì yẹn? Ní 2008, nínú láàbù Stuart Orkin ní Harvard, wọ́n fi hàn pé jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A ni. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ náà ni Vijay Sankaran. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà yẹn, ó ń ka ìwé dókítà àti PhD pọ̀.

Ní 2012, CRISPR dé, àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé DNA níbi tó bá wù wọ́n. Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna ló gba Nobel ẹ̀ ní 2020, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí àpilẹ̀kọ náà, orúkọ méjì tó ṣáájú gbogbo wọn ni Martin Jinek àti Krzysztof Chylinski. Chylinski ń ṣe PhD lọ́wọ́ ní Vienna. Jinek sì wà ní láàbù Doudna ní Berkeley. Bẹ́ẹ̀ ni, Berkeley yẹn náà tí àga Itano ti ṣófo lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Ẹ wá so méjèèjì pọ̀. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn eegun aláìsàn, wọ́n á fi CRISPR ba bọ́tìnì BCL11A jẹ́, wọ́n á dá a padà sára ẹ̀, haemoglobin ìgbà oyún á sì tún máa jáde. Victoria Gray, obìnrin dúdú láti Mississippi, ni onísickle cell àkọ́kọ́ tó gbà á ní Amẹ́ríkà, ní 2019. Ní November 2023 ìjọba UK fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December. Casgevy ni wọ́n pè é.

Iye tí wọ́n ń tà á fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà: dọ́là mílíọ̀nù 2.2.

Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí mo gbé lórí ọ̀kadà. Ó ní, "Wọ́n ti rí oògùn mi. Ó kù kí n tajà orílẹ̀-èdè."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí fún mi. Gbogbo ìgbésẹ̀ yẹn, láti 1949 dé 2023, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nídìí púpọ̀ nínú wọn. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn jókòó sí ló sì pinnu bí oògùn ṣe máa rí nígbà tó bá dé. Casgevy fẹ́ ọsibítù ńlá, ó fẹ́ kẹ́mò tó lágbára kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì padà, ó fẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Ibi tí iná ò ti ń lọ ni wọ́n ti ronú ẹ̀. Mi ò bú wọn. Ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n rò. Ẹni tí táǹkì electrophoresis ẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀mejì lórí iná, ìbéèrè tiẹ̀ máa yàtọ̀: ṣé a lè gún un bí abẹ́rẹ́ lásán? Ṣé ó lè dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́? Àwọn kan ti ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀ o. Wọn ò tíì pọ̀ tó.

Torí náà, fún ẹni tó kọ DM, ibi tí tábìlì wà nìyí, èyí tó dá mi lójú.

Nílé ńkọ́? ACEGID wà ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ní Ọ̀ṣun. Christian Happi ló dá a sílẹ̀, owó World Bank sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní July 2014, wọ́n wà lára àwọn tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni. Ní March 2020 wọ́n ka genome kòrónà tí aláìsàn àkọ́kọ́ gbé wọ Nàìjíríà, òun sì ni àkọ́kọ́ tó jáde láti Áfíríkà. Ẹdẹ o. Ẹ wọ mọ́tò láti Òṣogbo, kò tó wákàtí kan. Wọ́n ń gba àwọn ọmọ masters àti PhD.

Ní Accra, WACCBIP wà ní University of Ghana, Legon, láti 2014, cell biology àwọn kòkòrò àrùn ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n máa ń gba ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ní West Africa, owó sikọ́láṣíìpù sì máa ń wà fún àwọn tí wọ́n bá mú.

Nílẹ̀ òkèèrè, ohun kan tí kì í yé àwọn òbí wa: PhD sáyẹ́ǹsì kì í ṣe bíi masters. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ PhD nínú molecular biology kì í gbowó ilé ìwé lọ́wọ́ ẹ, àwọn ló máa san owó oṣù fún ẹ, o sì lè gba BSc wọlé tààrà. Ní Jámánì, àwọn ilé ẹ̀kọ́ Max Planck tí wọ́n ń pè ní IMPRS wà níbẹ̀, wọ́n máa ń san owó oṣù, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Commonwealth Scholarship ti wà fún UK láti 1959. Ẹni tó bá ní kó o san owó kí òun tó "bá ẹ ṣe connection" sí èyíkéyìí nínú wọn, olè ni, ẹ blọ́ọ̀kù ẹ̀.

Ẹ má sì kọ ìméèlì tó bẹ̀rẹ̀ pé "Dear Sir/Ma, I am a hardworking graduate". Ọ̀gá láàbù ò wá òṣìṣẹ́ aláápọn. Ó ń wá ẹni tó ti ka àpilẹ̀kọ ẹ̀ kan, tó sì ní ìbéèrè nípa ẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré: ohun tó o kà, ohun tí kò yé ẹ níbẹ̀, ohun tó o fẹ́ dán wò. Wọ́n ti kọ èmi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí PhD, mo sì mọ̀ pé ti àkọ́kọ́, "hardworking" ló wà níbẹ̀. Mo tún ń kọ òmíràn lọ́dún yìí, lórí haemoglobin ìgbà oyún. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi ka ìlà àkọ́kọ́, ó ní kí n yọ "passionate" kúrò. Mo ti yọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti kọ ìlà mẹ́ta tiyín, ẹ fi ránṣẹ́ sí DM mi. Sátidé ni mo máa jókòó tì wọ́n, láti aago mẹ́wàá. Ìwọ tó o béèrè ìgò, tìẹ ni mo máa kọ́kọ́ kà.